Ìjókòó Ẹnì Kan

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àpò mi tí okùn rẹ̀ já lé ọkùnrin tó ń rán ìjókòó alùpùpù ní Ṣakí lọ́wọ́ ni, nígbà tí tọkọtaya kan wọlé. Wọ́n ń jiyàn lórí alùpùpù àtijọ́ kan tí wọ́n jọ ń tún ṣe nílé, irú èyí tó ga, tí wọ́n fi ń la igbó.

Ọkọ sọ fún aránjókòó pé, "Ti ẹnì kan ni kí o rán. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ la fẹ́ kó wà."

Ìyàwó ní, "Nígbà tí ẹ gbé e jáde nínú àká ní Òfíkì, adìẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ta ló fi kẹrosíìnì fọ gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀? Àyè ìjókòó lẹ́yìn yín lásán ni mo ní kí ẹ fún mi."

"Ìyá wa, nǹkan àtijọ́ ni. A kì í yí i padà."

"Irun kún orí yín nígbà tí mo fẹ́ yín. Ṣé mo ní kí ẹ tún un ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni?"

Aránjókòó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ fọwọ́ pa orí. "Ó dáa. Rán ti ẹni méjì fún wa."

Ìyàwó bá ní, "Kí o fi fóòmù tó nípọn síwájú o. Iwájú ni mo ti máa jókòó."

Ọkọ kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ló ní òun fẹ́."