Mo Ka Ohun Tí Kò Sí Nínú Lẹ́tà fún Mama

Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi bí ẹ̀gún ẹja tó há sọ́nà ọ̀fun. Ọkọ mi pàápàá ò gbọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá sí Atlanta, ó sì ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe. Stockbridge, lẹ́bàá Atlanta, ni mò ń gbé. Kí n tó dé Amẹ́ríkà, mo gbé Họ́láńdì fún ọdún mọ́kànlá, mo sì gbọ́ èdè Dutch dáadáa. Ìdí nìyẹn tí agency tí mò ń bá ṣiṣẹ́ fi rán mi lọ sọ́dọ̀ Mama Griet ní Decatur, nítòsí Atlanta níbẹ̀. Ọmọ Họ́láńdì ni Mama, ojú wọn sì ti fọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi èdè wọn kí wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta la fi kọ ìwé kan. Mama ń sọ ọ́, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sínú laptop. Ìtàn àròsọ ni. Obìnrin kan dúró nínú kíṣìnnì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àpótí aṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rò ó bóyá kí òun fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìwé náà, inú ọkàn obìnrin yẹn la wà. Nígbà míì, gbólóhùn kan péré á gba gbogbo shift mi.

Mama á ní, "Rárá, kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà á. Pa á rẹ́. Ara ló tù ú. Ìtura yẹn gan-an ló ń tì í lójú."

Mo mọ̀ pé Mama fúnra wọn ni obìnrin náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Anouk, ọmọ wọn kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ tẹ̀lé ọkùnrin kan wá sí Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tó ti dàgbà, Anouk ò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ní Họ́láńdì dá ìwé náà padà. Ẹ̀kẹrin gbà á. Nígbà tó dé, Mama gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e lé àyà. Ìwé ìròyìn kan yìn ín gan-an. Òmíràn ní ẹni tí kò lójú àánú ló kọ ọ́. Mo ka méjèèjì fún wọn bó ṣe wà, Mama sì rẹ́rìn-ín. Wọn ò retí ìwé ìròyìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé, "Anouk ńkọ́? Ṣé ó kọ nǹkan?"

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Mo rí lẹ́tà náà nínú mailbox lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mama gbọ́ tí mo ń tú u.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Anouk ni, Mama."

Wọ́n yí àga wọn sọ́dọ̀ mi. "Kà á fún mi."

Mo wo ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Ẹ ti sọ ìrora mi di ìwé títà. Kíṣìnnì wa ni. Ẹ rántí àwọ̀ kọ́tìnnì, ẹ ò rántí èmi." Ọkàn Mama ò lágbára mọ́, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

Mo la ẹnu, ohun mìíràn ló jáde. Mo ní, "Mama mi, mo ti ka ìwé yín. Ó ti wá yé mi. Mo dárí jì yín."

Mama sunkún. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò bá ti àkọ́kọ́ mu, torí mi ò rántí bí mo ṣe pa irọ́ náà. Mama gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ó dára, ọmọ mi." Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fura.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n bá wọn kọ èsì. Wọ́n sọ ohun tí kò sí nínú ìwé náà. "Anouk, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ. Ò ń kọrin fún ọmọláńgidi rẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá wọlé, mi ò ní lè lọ mọ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe wọlé. Jọ̀ọ́, má rò pé mo gbàgbé rẹ." Wọ́n fọwọ́ sí i, mo darí ọwọ́ wọn.

Mi ò fi ránṣẹ́, mo fi í pamọ́. Wọ́n ti dúpẹ́ nínú rẹ̀ fún ìdáríjì tí ọmọ wọn ò fún wọn. Bí Anouk bá kà á, àṣírí mi á tú.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Mama kú.

Ìgbà tí mò ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ni mo tó ka lẹ́tà Anouk dé ìparí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kà á tán lọ́jọ́ náà. Ojú ewé kejì sọ pé, "Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí mi, màá wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Bí ẹ ò bá dáhùn, màá mọ̀ pé inú ìwé nìkan lẹ ti fẹ́ràn mi."

Mo jókòó sórí ibùsùn Mama, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní báyìí, wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Anouk ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbí. Ó kọ email sí mi pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú ìyá mi. Ṣé wọ́n rí lẹ́tà mi kí wọ́n tó kú?" Mi ò tíì dá a lóhùn. Ọkọ mi ní kí n jẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Abeg, leave am. Òkú kì í sọ̀rọ̀."

Mama, ẹ foríjì mí. Mo rò pé mò ń gbà yín lọ́wọ́ ìbànújẹ́ ni.

Mo ti ní kí Anouk wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ Sátidé. Màá sọ òtítọ́ fún un, mo ti pinnu ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi dá irọ́ mi lóhùn, ṣé mo lè gbé e fún un kí n sì sọ pé, "Èsì lẹ́tà rẹ rèé"?