Èmi Ni Mo Fọhùn Nínú Ọ̀fun

Ẹ̀yin ìjọ, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in tán, torí òótọ́ ti kún mi láti ikùn dé àyà, bí n kò bá pọ̀ ọ́ síta lónìí, yóò fún mi pa. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò pé Ayékòótọ́ tún ti dé nìyẹn, ẹni tó sọ fún yín lọ́jọ́sí pé ẹ̀fọn kan gbé fìlà òun lọ, pé ó tún padà wá béèrè bàtà. Rárá o. Èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bàbá Akọrin ni mo bẹ̀ pé kó bá mi kà á sí yín létí, torí mo ti fi ẹnu tèmi ṣe ohun tí ẹnu kì í ṣe, ó sì yẹ kó lọ sinmi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Tíṣà wa ló lé mi sílé, ó ní bí òun bá tún gbọ́ pé mo fi ohùn òun bá ọ̀gá àgbà jà, òun á kó sínú kànga. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ bá mi tò ó.

Gbogbo yín lẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ẹni tí ẹ ń pè ní Ọ̀rẹ́ Bàbá nítorí bó ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ti dákẹ́ láti ìgbà díẹ̀. Tí a bá ń kọrin, á pa ẹnu dé. Tí a bá ní kó gbàdúrà, á mi orí. Ẹ ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi: àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ló wà níkùn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn tèmi ló wà.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló tilẹ̀ bá mi wá iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ kà á mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi wà lókè pátápátá, níbi tí mo ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìdọ̀tí kúrò nínú yàrá àwọn àlejò. Òun wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, nínú yàrá ìfọṣọ, láàárín àwọn ẹ̀rọ tó ń pariwo bí ẹni pé òkúta ni wọ́n ń fọ̀. Páìpù onírin ńlá kan ló so wá pọ̀. Ó fẹ̀ tó ènìyàn sísanra (ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀), ó sì ti òkè lọ tààrà dé ìsàlẹ̀. Inú rẹ̀ la máa ń ju aṣọ ìdọ̀tí sí, kó lè já bọ́ sínú agbọ̀n ní yàrá ìfọṣọ. Ọ̀fun la ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í gbé mì. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí ẹni tó wà lókè tó ju aṣọ, á fi ọwọ́ lu ìdérí Ọ̀fun, á ké pé, “Ó ń bọ̀ o!” Ẹni ìsàlẹ̀ á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dáhùn pé, “Jẹ́ kó máa bọ̀!” Ohùn ènìyàn kì í jọ ti ènìyàn mọ́ nínú Ọ̀fun. Bí ìyá arúgbó bá sín síbẹ̀, ẹ ó rò pé òkè ńlá kan ló wó.

Bí àkókò ìsinmi ọ̀sán bá tó, tí wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ gba atẹ́gùn, Àǹtí mi á dojú agbọ̀n kan dé lẹ́bàá ẹnu Ọ̀fun, á jókòó lé e, á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Kì í ṣe irú àdúrà tiwa yìí, tí iṣan ọrùn á yọ bí okùn. Ó ń bá A sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Á ní, “Bàbá, ọṣẹ tuntun yìí ń jẹ mí lọ́wọ́ o. Bàbá, wo ọ̀gá wa, ó tún fa ojú ro lónìí bí aṣọ tí wọn ò lọ̀.” Á wá dákẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ o, á rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ńlá. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ nǹkan fún létí ni.

Èmi lókè, mò ń gbọ́. Kí ni wọ́n sọ fún un? Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún èmi? Ọmú kan náà la jọ mu. Inú omi kan náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún wa, èmi gan-an ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀! Ṣé n kò gbàdúrà ni? Mo gbààwẹ̀ títí ikùn mi fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tí mo bá mu omi, ẹni tó dúró lẹ́yìn mi á rí bó ṣe ń ṣàn lọ. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi gbẹ́ ilẹ̀, tí lándílọ́ọ̀dù ní kí n wá dí ihò méjèèjì. Ọlọ́run ò tilẹ̀ húkọ́. Èmi tí mò ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, Ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó bá mi rẹ́rìn-ín kò wojú mi. Èyí tó wá ń ká mi lára jù ni pé èmi ni mo wà lókè! Bí ọ̀rọ̀ bá ti ọ̀run bọ̀, ọ̀dọ̀ tèmi ló yẹ kó kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ó ń kọjá lára mi lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, bí ẹni tó ń kọjá lára òpó iná.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, ọkùnrin tó ń nu gíláàsì, Onífèrèsé ni gbogbo wa ń pè é. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí n kò lè sín jẹ. Lọ́jọ́ kan, a jọ ń gbọ́ Àǹtí mi láti òkè, ó bá ní, “Ayékòótọ́, dá a lóhùn jàre.”

Mo ní, “Kí n ṣe bí ta ni?”

Ó ní, “Ẹni tó ń pè náà ńkọ́?”

Mo ti orí bọ Ọ̀fun. Mo fa ohùn mi wálẹ̀ títí ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo ní, “Ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ: “Olúwa, mò ń gbọ́.” Mo ní, “Bọ́ bàtà rẹ.” A gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀kan, èkejì. Onífèrèsé ju korobá sílẹ̀, ẹ̀rín mú un yí gbirigbiri nílẹ̀, ó fi àkísà di ẹnu. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú, nítorí bó ṣe dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn náà rọ̀, ó ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tì. Mo wá mọ ohun tí Ọlọ́run ń gbọ́ lójoojúmọ́. Owú mi bá di méjì: mò ń jowú rẹ̀ nítorí Ọlọ́run, mo sì ń jowú Ọlọ́run nítorí rẹ̀.

Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀. Ẹni tó fi ìka tọ́ oyin wò kì í dúró. Ní ọ̀sán ojoojúmọ́ ni mò ń lọ ki orí bọ inú irin. Mo ń sọ nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ fún un: “Mo wà níbí.” “Mo rí ọwọ́ rẹ tó bó.” Á ní, “O ṣé, Bàbá mi,” èmi olè á gba ọpẹ́ náà, á dì í mọ́ àyà. Onífèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ó ní, “Eré yìí ti ń gùn jù o. Àrá kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.” Mo ní kó lọ nu fèrèsé rẹ̀.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ burúkú yẹn, n kò tíì la ẹnu tí Àǹtí mi fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, n kò tọrọ nǹkan fún ara mi lónìí. Àbúrò mi ni. Jọ̀wọ́, bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo àwàdà tó ń ṣe kiri yẹn, ebi Rẹ ló ń pa á. Ó ń jowú mi, mo mọ̀, kò sì bí mi nínú. Bó bá jẹ́ pé ìpín tèmi ni Wàá mú fún un, mú un.”

Onífèrèsé wò mí. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Èmi ńkọ́? Inú ló bí mi, ó bí mi débi pé etí mi ń hó bí ìkòkò. Ó jókòó sísàlẹ̀ ilẹ̀, ó rí mi ní ìhòòhò lókè! Ohun tí mò ń kú lé lórí, òun ń fi í tọrẹ bí ẹni ń fúnni ní àlòkù aṣọ! Mo ti orí bọ Ọ̀fun, mo ní, “Obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ rẹ ti sú mi. Má pè mí mọ́.”

Onífèrèsé fa ẹ̀wù mi: “Yéè! O ò dáa! Fà á padà, sọ fún un pé ìwọ ni!” Mo ń retí kí Àǹtí mi ké. Kò ké. Ohùn kékeré kan ló gòkè wá: “Ó dáa, Bàbá. Mo ti gbọ́.” Mo lu ìdérí, mo pariwo pé, “Ó ń bọ̀ o!” Mo da aṣọ ìdọ̀tí lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Láti ọjọ́ náà ni Onífèrèsé kò ti bá mi jẹun mọ́.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé yóò gbọ́ràn. Èmi, bí Ọlọ́run bá ní kí n má pe òun, màá kọ́kọ́ bá A ṣe àròyé. Òun gbọ́ràn ni. Bí a bá fẹ́ jẹun nílé, á ní, “Àbúrò, bá wa gbàdúrà sí i.” Èmi á gbàdúrà, gígùn bí ọ̀nà ìrìn àjò, inú mi á máa dùn pé èmi ni ẹ̀gbọ́n báyìí. Ẹ̀yin náà fi mí ṣe adarí àdúrà. Mo rò pé bí Ọlọ́run bá pàdánù ọ̀rẹ́ kan, á yà sí ilé kejì. Mo gbálẹ̀ dè É. Kò yà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ há sínú Ọ̀fun, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá fà á láti ìsàlẹ̀. Àǹtí mi wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Irin gbígbóná ló gbá a lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, bí iná bá jó ènìyàn, orúkọ wo ló kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Kèfèrí pàápàá á pè É! Àǹtí mi ní, “Jé...”, ó fi ọwọ́ tó jóná gan-an bo ẹnu ara rẹ̀, ó gbé orúkọ náà mì. Mo rí i bó ṣe ń gba ọrùn rẹ̀ lọ, bí egungun. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rù bà mí. Díẹ̀ ló kù kí n ṣàìgbọràn.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ, mo ní, “Àǹtí mi, èmi ni. Èmi ni mo sọ pé kí o má pè É mọ́.”

Ó ní, “Èwo tún ni ti yẹ̀yẹ́ nígbà tí ọwọ́ ń ta mí?”

Mo bá fi ohùn náà sọ ọ́ lójú rẹ̀ kòrókòró: “Ọmọ mi.” Ó jókòó wọ̀ọ̀. Mo ń retí ìgbátí, ì bá dùn mọ́ mi. Kò gbá mi. Ó wá béèrè ohun tí n kò tíì lè sùn lé látìgbà náà. Ó ní, “Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí a sin ọmọ mi ńkọ́? Mo jókòó síbí yìí, mo sì gbọ́ tí wọ́n ní, ‘Ọwọ́ mi ni ọmọ náà wà.’ Ohun tí mo rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ṣé ìwọ náà ni?”

Mo ní, “Rárá! Mo fi Ọlọ́run búra!”

Ó ní, “Ohùn wo lo fi ń búra yẹn?” Ó dìde, ó fi aṣọ tútù wé ọwọ́ rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ẹ ò rí i? N kò jí ọ̀la rẹ̀ nìkan, mo da àná rẹ̀ náà rú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ̀lé mi torí ẹ̀rín, ẹ fi ohùn ọ̀gá ṣeré, ẹ fi ohùn ewúrẹ́ ṣeré, ṣùgbọ́n ibi tí ẹnì kan ti ń pàdé Ọlọ́run rẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Àǹtí mi, mo mọ̀ pé o wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ohun kan ni mo ń tọrọ, pé kí o gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí gbọ́ lẹ́nu òpùrọ́. Lóòótọ́ ni mo wà lókè lọ́jọ́ tí ò ń wí. Aṣọ kún apá mi. N kò tíì sọ ohunkóhun sínú Ọ̀fun rí nígbà náà ju “Ó ń bọ̀ o” lọ. Mo gbọ́ bí o ṣe ń sunkún, n kò lè ju aṣọ náà. Lójijì, ẹkún náà dá, bí ìgbà tí ọmọ bá rí ọmú. Mo na etí, mo na ọrùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sínú irin: n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ gbọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni owú wọ̀ mí lẹ́wù. Rò ó wò, ọmọ ìyá mi: ta ló ń jowú ohùn ara rẹ̀? Bó bá ṣe pé èmi ni mo sọ ọ́, kí ni mo wá ń jowú sí? Irọ́ mi pọ̀ tó ohun tí a lè fi mọ ilé alájà ogún, ṣùgbọ́n owú mi kò purọ́ rí. Pè É. Bí kò bá dá èmi lóhùn títí tí màá fi kú, ìwọ ṣáà pè É. Má wulẹ̀ sọ fún mi bí Ó bá dáhùn. Màá mọ̀. Á ta mí lára.