Ọ̀kadà Onítáyà Mẹ́rin Tí Wọ́n Rà Lórúkọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, kí n sì sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí bí mo bá tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò pa mí. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun àsárì tán, ọkọ mi á ti ọ̀kadà onítáyà mẹ́rin jáde sí iwájú ilé wa ní Òfíkì níbí, á ní kí ìyàwó rẹ̀ tuntun gùn ún, á sì máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ọ̀kadà náà kéré, kò ga nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà sì jókòó dáadáa síbi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé. Irú rẹ̀ gan-an ni mo bẹ ọkọ mi pé kó rà fún mi nígbà tèmi, tó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Mo ti fi ìyẹn lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń kọ́ ọ. Ó ń sọ fún un pé, "Bó bá fẹ́ yí, tètè fẹsẹ̀ tilẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí náà ló sọ fún mi, òun ló sì gba ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní owú ń jẹ mí. Bí mo bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ á lọ. Kí ni kí irú mi ṣe?

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ìdí òfì ni wọ́n bí mi sí, ìdí òfì ni mo dàgbà sí. Kí n tó mọ ọbẹ̀ sè kó dùn ni mo ti mọ aṣọ òkè hun, tí àwọn àgbà sì ń na aṣọ mi wò sí oòrùn, tí wọ́n ń mi orí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé ọwọ́ nìkan ló ń hun aṣọ. Rárá o, ẹsẹ̀ ni. Igi méjì ló wà nísàlẹ̀ òfì, ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì á tẹ èkejì, bẹ́ẹ̀ ni òwú á ṣe máa là sí méjì kí èyí tí à ń jù láàárín rẹ̀ tó ráyè kọjá. Ẹsẹ̀ tí kò bá gbọ́ràn, aṣọ rẹ̀ kò lè gún. Nígbà tí mo fẹ́ Bàbá Sáídì, òfì mi ni ẹrù àkọ́kọ́ tí mo gbé wá sí Òfíkì. Mo gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí owó ọṣẹ àti owó ilé ìwé ọmọ mi, tí mi ò fi tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àléébù kan péré ni mo ní lójú àwọn ará ilé ọkọ mi: mi ò lè gun ọ̀kadà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ agbègbè wa, ẹ mọ̀ pé obìnrin níbí ń gun ọ̀kadà bí ẹní mumi ni. Wọ́n á pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n á di ẹrù oko sí ìdí, wọ́n á sì máa kọrin lọ. Ní tèmi, ìṣojú mi ni ọ̀kadà ṣe gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀rù náà kò sì kúrò lára mi látìgbà náà. Bí mo bá fẹ́ lọ kó aṣọ fún oníbàárà ní Ìsẹ́yìn, àfi kí Bàbá Sáídì gbé mi. Bí mo bá fẹ́ lọ oko, òun náà ni. Ó sú u. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò fẹ́ ìyàwó, ẹrù ló fẹ́. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá délé, á fa ojú ro.

Bó ṣe wá di ọjọ́ kan, ó dé láti ọ̀nà Ṣakí pẹ̀lú ìròyìn. Ó ní òun rí ẹni tó ń bójú tó oko kajú ńlá kan tó ń gun ọ̀kadà tó ní táyà mẹ́rin, pé ohun náà ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí àga, kò sí pé ó ń ṣubú. Ó ní òun máa ra irú rẹ̀ fún mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo gbàdúrà fún un títí ó fi ní kí n sinmi. A jọ lọ sí Ṣakí, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ibodè wọlé. Méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan gbàǹgbà.

Mo gun kékeré, ara mi balẹ̀. Ọwọ́ mi tó apá rẹ̀ láìna ara, ẹsẹ̀ mi dúró, kò ní jíà tí wọ́n ń yí, ó sì ní ibì kan tí wọ́n lè fún mọ́lẹ̀ tí kò fi ní lè sáré ju bí ẹni tó ń kọ́ ọ ṣe fẹ́. Mo gun gbàǹgbà, ó dà bí ẹni pé mo gun orí odi. Mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó lè di ọwọ́ rẹ̀ mú, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ni mo sì fi kan ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Bí mo ṣe fi àtàǹpàkò ti ohun ìsáré rẹ̀ díẹ̀, ó ta bí ẹṣin tí eṣinṣin jẹ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Bàbá Sáídì, ẹ jọ̀ọ́, èyí kékeré yìí ló bá mi mu. Bí ọwọ́ mi bá mọ́ ọn tán, ẹ lè wá pààrọ̀ rẹ̀." Ọkọ mi kò wo ojú mi. Ó kọjú sí ọlọ́jà, ó bi í pé, "Èwo ló lè ru iṣu?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Orúkọ mi ni wọ́n fi rà á, iṣu ni wọ́n rà á fún. Ó ní kí ni àwọn èèyàn máa sọ bí wọ́n bá rí òun tí òun ń ti ohun ìṣeré ọmọdé wọ̀lú. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé gbàǹgbà náà wọ Òfíkì, òun jókòó lé e lórí, gbogbo àdúgbò tú jáde, wọ́n ń kí i pé ó mọ ìyàwó tọ́jú. Àwọn obìnrin ń sọ fún mi pé orí ọkọ ló gbè mí. Mo ń ṣe àmín, mo ń wo táyà tó ga tó ìdí mi, mo sì ń rò ó nínú pé, ìwọ ọkọ yìí, bí o kò bá lè gbè mí, ṣé o kò lè ṣe mí bí o ti bá mi?

Pápá ilé ìwé ló ti kọ́ mi. Kí Bàbá Sáídì tó dojú kọ oko, ọ̀kadà ló ń gùn ní Ìsẹ́yìn, ó sì mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ ọlọ́kadà. Ẹsẹ̀ wọn ni táyà wọn kẹta. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá dé inú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé. Ohun tó ń pa á mọ́ láti ọjọ́ yìí wá náà ló kọ́ mi. Mi ò lè sọ pé ó fẹ́ kí n fara pa, Ọlọ́hun ń gbọ́. Ṣùgbọ́n òun alára kò gun onítáyà mẹ́rin rí, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọkùnrin tó ti mọ ọ̀kadà, ta ni yóò tún kọ́ ọ? Ìgbàkigbà tí mo bá ní ẹ̀rọ náà wúwo jù mí, á pòṣé, á ní kí n fi ìbẹ̀rù sílẹ̀, kí n ṣáà rántí fẹsẹ̀ tilẹ̀.

Àkókò tí wọ́n ń wa iṣu ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà náà ní àpò àpò, òun wà níwájú lórí ọ̀kadà tirẹ̀, èmi ń tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀nà oko wa gba inú odò kan kọjá tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, òkúta ló kún ibẹ̀. Táyà apá ọ̀tún gun òkúta, ẹ̀rọ náà rọ̀ sí òsì pẹ̀lú iṣu. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi létí mi ketekete, mo sì ṣe bó ṣe kọ́ mi. Mo fẹsẹ̀ òsì tilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò gun irú rẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye: ọ̀kadà ni wọ́n ń fẹsẹ̀ gbé dúró. Onítáyà mẹ́rin, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ gan-an ló ti ń bọ̀. Ó mú gìgísẹ̀ mi, ó fà á wọ abẹ́, ó sì gun ẹsẹ̀ mi kọjá pẹ̀lú iṣu àti ara mi. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo ké.

Bàbá Sáídì sunkún lọ́jọ́ náà. Ó gbé mi lé ọ̀kadà, ó gbé mi dé ilé ìwòsàn ní Ṣakí, ó ń pè mí ní orúkọ tí ìyá mi ń pè mí. Ó tọ́jú mi, mi ò ní fi èyí dù ú. Àfi ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa. Ìdí bẹ́ẹ̀dì mi ló jókòó sí tó ń sọ fún wọn pé, "Mo kìlọ̀ fún un títí pé kó má gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi ìgbẹ́sẹ̀lé, kò gbọ́." Mo wò ó. Kò wò mí. Mo ní ojú ló ń tì í, pé bí ilé bá dá, á tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kò tún un ṣe títí di òní. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ìyá tèmi, ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́.

Ẹsẹ̀ náà san, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́, ó le gbagidi bí ọmọ odó. Mo padà sídìí òfì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ tirẹ̀, tòsì á kàn dúró bí igi, aṣọ á sì wọ́. Mo gbìyànjú títí oníbàárà mi tó ti pẹ́ jù fi dá aṣọ padà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Mo tú òfì mi lọ́jọ́ náà. Òwú ni mò ń bá àwọn tó ń hun aṣọ ká báyìí. Ìyá ọkọ mi sì dá a sílẹ̀ ní gbangba pé ẹni tí kò lè hunṣọ, tí kò lè dé oko, ta ni yóò máa ran ọmọ òun lọ́wọ́? Bó ṣe di pé wọ́n gbé Bílíkì wọlé níyàwó nìyẹn. Èmi ni mo gbá yàrá rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Sáídì wá ta gbàǹgbà, tó ra kékeré fún Bílíkì, mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ti gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ló sì fi gbọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ọgbọ́n náà kò wá pé? Ó pààrọ̀ ẹ̀rọ, kò pààrọ̀ ẹ̀kọ́. Kò sì lè pààrọ̀ rẹ̀, torí ọjọ́ tó bá sọ fún Bílíkì pé kó má fẹsẹ̀ tilẹ̀, ọjọ́ náà ló máa jẹ́wọ́ pé òun lòun sọ fún mi pé kí n fẹsẹ̀ tilẹ̀.

Bílíkì kò burú. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń bá mi pọnmi. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ wa wà ní mọ́ṣáláṣí, ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ má bínú o. Báwo ló ṣe ṣe yín gan-an?" Mo tú aṣọ tí mo máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀, mo jẹ́ kó wò ó. Mo sọ fún un pé, "Ohunkóhun tí ìbáà ṣe, má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Apá tó bá ga ni kó o fi ara tẹ̀ sí, kó o sì tẹ bíréèkì. Má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láéláé." Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n máa fẹsẹ̀ tilẹ̀." Mo ní, "Èmi náà, òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó lọ bi í. Kí ni kó má bi í fún, ọkọ rẹ̀ ṣáà ni. Tọ̀yàyà tọ̀yàyà ni Bàbá Sáídì máa ń bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ìdúró ló dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, "O fẹ́ dẹ́rù ba ìyàwó mi kó lè dà bí ìwọ." Ìyàwó mi, ló wí, fún èmi. Ìyá rẹ̀ ní òun ti mọ̀, pé owú ni. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ jókòó síta mọ́ bí wọ́n bá ń kọ́ ẹ̀kọ́, pé ojú mi kò dáa lára ọmọ náà. Bílíkì ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó mọ́.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, bí ọkọ bá fẹ́ ra ohun ìgùn fún yín, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tiyín sọ èyí tó fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ará àdúgbò yàn án. Ẹni tí kò bá sì gun irú rẹ̀ rí, ẹ má gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ bàbá ọmọ yín. Ní tèmi, ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo mọ̀. Ṣé kí n gba ilé àwọn òbí ọmọ náà lọ? Bí mo bá lọ, ilé ọkọ mi parí nìyẹn, Sáídì sì ń wò mí lójú. Bí wọ́n bá ti kírun àsárì tán báyìí, inú yàrá ni mo máa ń wà tí mò ń ká òwú. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ariwo rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà tó bá dákẹ́ lójijì ni òwú máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi, tí mo máa dìde kí n sáré jáde, kó tó di pé mo rántí pé mi ò lè sáré mọ́.