Ẹni Tí Kò Tà Ni Òfin Yín Ń Mú

Lórí ìlà bọ́ọ̀sì ní Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ fákítọ́rì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi káàdì iṣẹ́ kọ́rùn.

"Ẹ̀yin lẹ ń fún àwọn èèyàn ní líǹkì tí wọ́n fi ń bá yín ta àgbo lórí fóònù, àbí?"

"Àwa ni, mà."

"Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sí gúrúùpù àsàlátù wa pé ẹni tó bá mu ún kò nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Bàbá mi kà á, wọ́n da oògùn tiwọn nù."

"Òfin wa ò fàyè gba irú ẹ̀, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kìlọ̀ fún un."

"Ẹ kìlọ̀ fún olè, ẹ tún fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sí i lọ́wọ́?"

"Ọ̀gá mi ni ò jẹ́ ká yọ ọ́. Òun ló ń tà jù."

"Ẹni tí kò tà ni òfin yín ń mú nìyẹn. Látìgbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ti rọ lára bàbá mi, wọn ò lè pe orúkọ mi mọ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ káàdì rẹ̀ lọ́rùn, ó fi í sápò. Irú iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń wá látìgbà tí mo ti parí ìsìnrúùlú. Ojú tì mí, nítorí mo mọ̀ pé èmi náà ì bá kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí n sì dákẹ́.