Ọ̀kadà Oríire Tó Ṣẹ́ Ìyá Ọkọ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ o. Ní àràárọ̀ ni mo ń fi omi gbígbóná jó ọwọ́ ìyá ọkọ mi, ọwọ́ tí kò lè dì mọ́. Ní àràárọ̀ náà ni ẹni tó ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀hún ń wọlé wá kí wọn, tí wọ́n á ṣàdúrà fún un, tí yóò sì ṣe àmín. Mo mọ̀ pé òun ni. Mi ò tíì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Afọ́jú ni ìyá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran: bí wọ́n bá fọwọ́ kan ojú ọmọ mi, wọ́n á ní, "Kúdírá, o ò tíì jẹun." Ọkọ mi ni alága àwọn tó ń ta pààtì ọ̀kadà ní oríta Sekona, àwọn ló sì dá tẹ́tẹ́ sílẹ̀: ra tíkẹ́ẹ̀tì, kọ orúkọ sí i, ẹni tí wọ́n bá mú tirẹ̀ ló ni ọ̀kadà tuntun. Àáfà àdúgbò wa bá wọn wí, àwọn ọkọ mi ní kì í ṣe tẹ́tẹ́, oríire ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó lọ́tìrì náà wá láti Òṣogbo. Ó ní kí wọ́n gbàwé àṣẹ, kí ìjọba ti àpótí pa níṣojú gbogbo èèyàn, kí alága àti ará ilé rẹ̀ má sì ra rárá. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé àwa kì í ṣe ara wa ni? Ìyá mi ni yóò mú un. Báwo ni afọ́jú ṣe fẹ́ ṣojúsàájú?" Gbogbo oríta pàtẹ́wọ́.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ọ̀kadà yẹn wọ̀ mí lójú. Mo ní bí mo bá jẹ ẹ́, n ó fún ẹni táá máa gùn ún jíṣẹ́ owó fún mi, n ó bọ́ lọ́wọ́ títọrọ owó ọbẹ̀. Mo bẹ ẹnìkan kó bá mi ra ẹyọ kan, mo ní kó kọ Àjọkẹ́ sí i, oríkì tí ìyá fi ń pè mí nínú ilé. Mi ò sàmì sí i o! Mi ò sọ fún ìyá. Ọlọ́run ń gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, èrò kún oríta. Ìyá ki ọwọ́ bọ àpótí, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n fa ẹyọ kan jáde. Akọ̀wé kà á sókè: "Àjọkẹ́!" Háà! Kí ló dé tí mi ò pa ẹnu mi mọ́? Mo fò sókè, mo kígbe, "Èmi ni! Èmi ni Àjọkẹ́!" Ẹnìkan ní, "Ìyàwó alága kọ́ nìyẹn?" Ẹlòmíì ní, "Ìyá yìí ò fọ́jú! Wọ́n ti jọ sọ ọ́ nílé!" Ni òkúta bá ń fò. Àwọn èrò na ọkọ mi títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ojú rẹ̀, wọ́n da bẹntiróò sí ọ̀kadà, wọ́n ṣáná sí i. Ìyá na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń táràrà, wọ́n ń pe orúkọ mi. Ràṣídì, ọmọ aládùúgbò wa tí ìyá fẹ̀yìn pọ̀n, fa igi yọ lára ìsọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ olè!" Ó là á mọ́ ọwọ́ náà. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán. Ó tún un là.

Ní ọsibítù, ọlọ́pàá ní, "Ìyá, ta ló ṣe yín báyìí?" Ìyá ní, "Ọmọ mi, afọ́jú ni mí. Kí ni mo fẹ́ rí?" Èmi tí mo lójú náà ní mi ò rí i. Bí mo bá dárúkọ Ràṣídì, ọlọ́pàá ò ní ṣàì béèrè ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò yẹ kó rà.

Láàárọ̀ òní, Ràṣídì tún dé, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí mi. Omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná wà lọ́wọ́ mi, ó ń hó. Mo wo ọrùn rẹ̀. Mo gbé ìkòkò sókè. Wàláì, orí rẹ̀ ni mo fẹ́ dà á sí! Ìyá gbọ́ ìró omi náà, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, gbé omi yẹn sílẹ̀." Mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin náà lọ tán, wọ́n ní, "Àti ìgbà tó ti ń ké lẹ́yìn mi ni mo ti mọ ohùn rẹ̀. Bí mo bá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ìwọ ńkọ́? Ta ni n ó fà ọ́ lé lọ́wọ́?" Mo ki aṣọ bọ omi, mo ń jó ọwọ́ wọn.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ mi ti pọ́n àdá, ó fi sábẹ́ ibùsùn wa. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí: ta lo rí?