Àdéhùn Ilé àti Oko

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ láti Ṣékọ́nà bọ̀ wá sí Ẹdẹ, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé ọkọ òun ní kí lọ́yà kọ àdéhùn tí àwọn méjèèjì máa fọwọ́ sí.

"Wọ́n ní ilé di tèmi, oko di tiwọn, kí ìjà má baà wà lọ́la."

"Odindi ilé! Kí ló wá ń bà ẹ́ nínú jẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, oko ni wọ́n ń sùn báyìí. Àwọn ọmọ ti lọ. Èmi nìkan ni mò ń tilẹ̀kùn, èmi náà ni mò ń ṣí i. Mo wá bi lọ́yà bóyá ó lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa jẹun alẹ́ nílé."

Kí wọ́n máa jẹun alẹ́ nílé. Mo kọjú sí fèrèsé, àmọ́ etí mi wà lọ́dọ̀ wọn.

"O sọ ọ́ lójú ọkọ ẹ?"

"Lójú wọn. Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká ṣì fi ìwé náà sílẹ̀ ná."

"Ṣé ó wálé lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Wọ́n wálé. Wọ́n tiẹ̀ bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."