Kí Kálukú Gbé Ẹrù Ara Rẹ̀

Níbi tí a tò sí láti lọ̀ pákí ní ìlú Tápà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń yan gàrí àti bàbá àgbẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Ìyá náà ní, “Èmi o, ẹni tó bá fẹ́ kí ìwòsàn jẹ́ ọ̀fẹ́ fún olówó àti tálákà ni mo máa dìbò fún.”

Bàbá ní, “Ìjọba kọ́ ló bí yín, ìyá. Kí kálukú máa gbé ẹrù ara rẹ̀.”

“Ẹni tí kò lágbára ńkọ́?”

“Kó ṣiṣẹ́. Ta ló ran èmi lọ́wọ́?”

Nígbà tí wọ́n lọ̀ pákí bàbá tán, tí wọ́n dà á sínú àpò, ó fẹ́ gbé àpò náà karí, kò ṣeé ṣe. Ó tún gbìyànjú. Ó wá wẹ̀yìn.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù.”

“Ẹrù ta ni, bàbá?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbé e ná. Tó bá dórí, a óò máa bá ọ̀rọ̀ ìjọba lọ.”

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó di ìdí àpò mú. “Mo ti ń gbé e. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbé e karí.”